Bí a ṣe lè yan kámẹ́rà onílẹ́ńsì àpààrọ̀ àkọ́kọ́ fún àwòrán ẹbí àti àwòrán ìsúnmọ́

Ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà tí a lè yọ lẹ́ńsì rẹ̀ kí a fi òmíràn sí i sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò yẹ. Yóò kọ́kọ́ bèèrè bóyá Canon ló dára jù ni àbí Nikon, yóò bèèrè iye mẹ́gápíksẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, yóò sì ná gbogbo owó ọwọ́ rẹ̀ tán lórí ara kámẹ́rà kó tó máa wá lẹ́ńsì tí yóò fi ṣe iṣẹ́ tó ní lọ́kàn. Ìmọ̀ràn tí mo máa ń gba àwọn ará wa ní Àbújá níbí yàtọ̀ sí èyí: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ fẹ́ máa yà, ẹ wá lẹ́ńsì tó lè yà á, lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá ara kámẹ́rà tí yóò gba lẹ́ńsì náà. Ẹ ya nǹkan bí ìdajì owó náà sọ́tọ̀ fún lẹ́ńsì kí ẹ tó jáde nílé, nítorí pé ara kámẹ́rà máa ń di ti àtijọ́ láàárín ọdún díẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ńsì tó dára, tí a sì tọ́jú, lè sin ènìyàn tó ogún ọdún.

Iṣẹ́ méjì tí a fẹ́ fi kámẹ́rà náà ṣe kò jọra rárá. Àwòrán ẹbí ń fẹ́ ìyára àti ìmọ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ohun tó ń jẹ́ dúró jẹ́ẹ́. Àsìkò tí òbí tó ń ṣiṣẹ́ ọba sì ń ráyè rí àwọn ọmọ rẹ̀ kì í sábà ju alẹ́ lọ, nígbà tó bá ti ibi iṣẹ́ padà dé Kubwa tàbí Lugbe, tí wọ́n ti fa kọ́tìnnì, tó sì jẹ́ pé gílóòbù kan ṣoṣo ló ń tan gbogbo pálọ̀. Ní ọjọ́ Sátidé wọ́n lè kó àwọn ọmọ lọ sí etí adágún Jabi tàbí Millennium Park ní Maitama, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ débi pé kò sí kámẹ́rà tí kò ní ya ohun tó dára. Pálọ̀ alẹ́ ni ìdánwò gidi.

Àwòrán ìsúnmọ́ ní tirẹ̀ ń fẹ́ kí lẹ́ńsì lè rí nǹkan kedere nígbà tí ó bá sún mọ́ ọn gidigidi. Ẹ ronú nípa òwúrọ̀ ìsọmọlórúkọ: obì, orógbó, ataare, oyin àti iyọ̀ tí a tò sínú àwo níwájú ìyá àgbà, ìka ọmọ tuntun tó di ìka ìyá rẹ̀ mú, ìlẹ̀kẹ̀ iyùn tó wà lọ́rùn, tàbí bí òwú ṣe gba inú ara wọn kọjá nínú aṣọ òkè. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ọgbà, ẹ ó fi labalábá, aláǹtakùn àti òdòdó kún un. Fóònù tó dáa lè ya díẹ̀ nínú àwọn wọ̀nyí lójú ọ̀sán, n kò sì ní kí ẹ gbé e jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí ọmọ bá ń sáré, tàbí tí ohun tí ẹ fẹ́ yà kò bá ju ẹyọ ataare kan lọ, ibẹ̀ ni agbára fóònù ti ń tán.

Bí sẹ́ńsọ̀ ṣe tóbi tó

Sẹ́ńsọ̀ ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí lẹ́yìn lẹ́ńsì. Èyí tó tóbi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń lò fẹ̀ ní mílímítà 36 ó sì ga ní mílímítà 24. Èyí tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní APS-C, tí ti Canon fẹ̀ ní mílímítà 22.3, tí ti Nikon sì fẹ̀ ní 23.5. Àwọn kan tún wà tí wọ́n kéré sí èyí, bíi ti Micro Four Thirds tó fẹ̀ ní mílímítà 17.3. Fún ẹni tó ń ra ti àkọ́kọ́, APS-C tó, ó sì ṣẹ́ kù. Owó rẹ̀ kéré, lẹ́ńsì rẹ̀ kò wúwo, àti ní ti àwòrán ìsúnmọ́, kíkéré rẹ̀ gan-an jẹ́ àǹfààní, nítorí pé ohun kékeré yóò tètè kún inú àwòrán ju bí yóò ṣe rí lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá lọ.

Ní ti mẹ́gápíksẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ó gba orun lójú yín. Ó pẹ́ tí àwọn kámẹ́rà kéékèèké ti ń ní 24, ìyẹn sì tó láti tẹ àwòrán tó fẹ̀ ní nǹkan bí ínǹṣì 20 jáde láìbàjẹ́. Àwòrán tó bá ṣe bàìbàì nítorí pé ọmọ mira, mẹ́gápíksẹ̀ 50 kò lè tún un ṣe.

Onídígí tàbí aláìnídígí

Oríṣi kámẹ́rà méjì ló wà lórí àtẹ. Èyí tó jẹ́ ti àtijọ́ ní dígí nínú tó ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí lọ sí ihò tí a ń gbé ojú lé. Tí a bá tẹ bọ́tìnnì, dígí náà á fò sókè, ìró rẹ̀ á sì jáde. Èyí tó jẹ́ tuntun kò ní dígí kankan. Sẹ́ńsọ̀ ló ń rí ohun gbogbo tààrà, tó sì ń fi í hàn lójú ẹ̀rọ. Canon àti Nikon ti gbé ọkàn wọn lọ sọ́dọ̀ aláìnídígí láti ọdún 2018, nígbà tí Canon gbé ẹnu tuntun tí wọ́n ń pè ní RF jáde, tí Nikon sì gbé ti Z jáde. Ẹnu kámẹ́rà ni mo pe ibi tí a ń fi lẹ́ńsì kọ́ sí. Lẹ́ńsì tí kò bá bá ẹnu mu kò ní wọlé.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àpò wa ni pé àwọn onídígí ti di tòkunbọ̀ tí owó rẹ̀ wálẹ̀, tí lẹ́ńsì wọn sì pọ̀ nílẹ̀. Ẹnu EF ti Canon ti wà láti ọdún 1987, ẹnu F ti Nikon sì ti wà láti ọdún 1959. Ẹ fojú inú wo iye lẹ́ńsì tó ti jáde láti ìgbà náà wá. Àǹfààní mìíràn ni bátìrì: àyẹ̀wò tí àwọn tó ń ṣe kámẹ́rà fẹnu kò lé lórí fi hàn pé Nikon D3500, tó jẹ́ onídígí, lè ya nǹkan bí àwòrán 1,550 kí bátìrì rẹ̀ tó kú, nígbà tí Sony a6000, tó jẹ́ aláìnídígí, kò ju nǹkan bí 360 lọ. Ẹni tí iná mànàmáná ń ṣe bó ṣe wù ú ládùúgbò rẹ̀ á mọ ohun tí ìyàtọ̀ yìí jẹ́ ní ọjọ́ ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó tó gba gbogbo ọjọ́.

Àwọn aláìnídígí náà ní ohun tí wọ́n fi borí. Àwọn tuntun inú wọn máa ń wá ojú ènìyàn fúnra wọn, wọn a sì máa tẹ̀ lé e bí ọmọ ṣe ń sáré yí àga ká, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ fọ́tò rí lè rí ojú ọmọ rẹ̀ kedere nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àwòrán tó bá yà. Wọn kì í pariwo, wọ́n sì fúyẹ́. Tí owó bá gbà á, òun ni kí ẹ rà fún àwọn ọmọ. Tí owó kò bá gbà á, ẹ ra onídígí tòkunbọ̀, kí ẹ sì fi èyí tó ṣẹ́ kù ra lẹ́ńsì tó dára. N kò rí ohun tó ń tini lójú nínú ìyẹn.

Ohun kan wà tí àwọn olùtà kì í sọ, tó sì ṣe pàtàkì fún àwòrán ìsúnmọ́ ju orúkọ ilé iṣẹ́ lọ: ojú ẹ̀yìn kámẹ́rà tó lè ṣí síta kó sì yí. Ẹni tó ń ya òdòdó tó wà nílẹ̀ tàbí àwo obì tó wà lórí ẹní kò ní fẹ́ dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun kó tó lè rí ohun tó ń yà. Canon 200D ti ọdún 2017, Canon 250D ti ọdún 2019, Nikon D5600 àti Canon R50 ti ọdún 2023 ní ojú tó ń yí, tí a sì lè fi ìka tẹ̀. Nikon D3500, Canon 2000D àti Canon R100 kò ní in. Ojú tiwọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn gbagidi. Nikon Z30 ní ojú tó ń yí, ṣùgbọ́n kò ní ihò tí a ń gbé ojú lé, kò sì ní fíláàṣì lára. Lábẹ́ oòrùn oṣù kẹta ní Àbújá, ó nira kí ènìyàn rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ ní ìta gbangba, nítorí náà mo máa ń ro Z30 lẹ́ẹ̀mejì fún ẹni tó bá fẹ́ máa yàwòrán níta.

Lẹ́ńsì ni ọ̀rọ̀ wà

Lẹ́ńsì tó sábà máa ń bá kámẹ́rà wá ni èyí tí wọ́n kọ 18-55mm sí lára. Àwọn ènìyàn máa ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, àṣìṣe ni. Ó lè gba gbogbo ẹbí nígbà tó bá wà ní 18, ó sì lè ya ojú ènìyàn kan tó bá wà ní 55. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni ìmọ́lẹ̀: ní 55, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé nínú rẹ̀ kò lè ṣí ju f/5.6 lọ. Nọ́ńbà f yìí máa ń da ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ láàmú, nítorí pé bí ó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì tí wọ́n kọ f/1.8 sí lára ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí f/5.6 ń gbà. Nínú pálọ̀ alẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni ìyàtọ̀ láàárín ọmọ tí a rí ojú rẹ̀ àti òjìji tó ń sáré.

Nítorí èyí, gbogbo ènìyàn á sọ fún yín pé kí ẹ ra lẹ́ńsì 50mm f/1.8. Òótọ́ ni pé kò wọ́n, àwòrán rẹ̀ sì ń dùn-ún wò. Ṣùgbọ́n lórí APS-C, lẹ́ńsì náà á máa rí nǹkan bí 75 tàbí 80mm ṣe ń rí i lórí sẹ́ńsọ̀ ńlá, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbé yàrá kan àti pálọ̀ á fẹ̀yìn ti ògiri tán kó tó lè rí ọmọ méjì papọ̀. Fún ilé kékeré, Nikon ní 35mm f/1.8 tí wọ́n ṣe fún APS-C, Canon sì ní 24mm f/2.8 tó pẹlẹbẹ, tó lè wọ àpò. Ẹ wọn pálọ̀ yín kí ẹ tó ra 50mm.

Ohun tó tún máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu ni pé 50mm yìí kò lè sún mọ́ nǹkan. Ti Canon, èyí tó jáde lọ́dún 2015, kò lè rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju sẹ̀ǹtímítà 35 lọ. Ohun tó kéré jù tó lè kún inú àwòrán fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá ó lé díẹ̀. Lẹ́ńsì 18-55mm tí a ń fojú tẹ́ńbẹ́lú, ní ẹ̀dà tí wọ́n kọ f/3.5-5.6 IS STM sí, ń sún mọ́ dé sẹ̀ǹtímítà 25, ohun tó fẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà á sì kún inú àwòrán rẹ̀. Èyí já sí pé ẹni tó ra 50mm nítorí obì ìsọmọlórúkọ ti rà á lásán. Èyí tó bá kámẹ́rà wá ló sàn fún un. Sẹ̀ǹtímítà tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe láti ẹnu lẹ́ńsì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ wo orí kámẹ́rà, ẹ ó rí àmì róbótó kékeré tí ìlà kan la àárín rẹ̀ kọjá: ibẹ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà, ibẹ̀ ni ìwọ̀n sì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìdánwò kan wà tí ẹ lè fi mọ òtítọ́ lẹ́ńsì èyíkéyìí nínú ṣọ́ọ̀bù, rúlà ọmọ iléèwé sì ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Ẹ tẹ́ rúlà náà sórí káńtà. Ẹ pa fókọ́ọ̀sì àdáṣe, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà mú nǹkan mọ́ kedere fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí òrùka lẹ́ńsì títí dé ibi tó sún mọ́ jù, kí ẹ má sì fọwọ́ kàn án mọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa gbé kámẹ́rà lódindi sún mọ́ rúlà díẹ̀díẹ̀ títí ìlà rẹ̀ á fi mọ́ kedere, kí ẹ sì yà á. Nínú àwòrán tó jáde, ẹ ka iye mílímítà tó wà láti ẹ̀gbẹ́ òsì dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Bí ó bá jẹ́ 60, lẹ́ńsì lásán tó ń gbìyànjú ni. Bí ó bá jẹ́ 45, ìdajì ọ̀nà ni. Bí ó bá jẹ́ 22 sí 24 lórí APS-C, Macro gidi nìyẹn, ìyẹn lẹ́ńsì tí wọ́n dìídì ṣe fún àwòrán ìsúnmọ́, tí ohun tó wà níta àti àwòrán rẹ̀ lórí sẹ́ńsọ̀ jọ ṣe déédéé, tí wọ́n ń kọ ní 1:1. Ẹ nílò ìdánwò yìí nítorí pé ọ̀rọ̀ Macro tí wọ́n kọ sára lẹ́ńsì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ òótọ́: ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì gígùn 70-300mm ló ní in lára tí agbára wọn kò ju 1:2 lọ, ìyẹn ìdajì. Nikon ní tiwọn sábà máa ń kọ Micro dípò Macro, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjá lára rẹ̀ láìmọ̀.

Tí ẹ bá ti pinnu láti ra Macro gidi, ẹ bèèrè bí àyè tó máa kù láàárín ẹnu lẹ́ńsì àti ohun tí ẹ ń yà yóò ṣe tó. Nikon 40mm f/2.8 Micro, tó jáde lọ́dún 2011, ń dé 1:1, ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé ibẹ̀, àyè tó kù níwájú rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lọ. Fún ìlẹ̀kẹ̀ àti obì, kò burú. Fún labalábá, á ti fò lọ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, òjìji lẹ́ńsì náà á sì máa bo ohun tí ẹ ń yà. Canon rí ìṣòro yìí, ìdí nìyí tí wọ́n fi gbé gílóòbù kéékèèké sí ẹnu lẹ́ńsì 35mm f/2.8 Macro tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2017. Lẹ́ńsì 100mm f/2.8 Macro ti Canon ń fi àyè tó tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13 sí 15 sílẹ̀, òun ni mo máa ń yàn fún kòkòrò, àmọ́ ó wúwo, owó rẹ̀ sì ga, nínú pálọ̀ kékeré ojú ènìyàn kan ṣoṣo ló lè yà.

Fún ẹni tó fẹ́ kí lẹ́ńsì kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì, èrò mi nìyí. Ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, kó wá Nikon D5600 tòkunbọ̀, kó sì fi 40mm Micro yẹn sí i: f/2.8 rẹ̀ ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po mẹ́rin f/5.6, ó gùn tó fún ojú ọmọ, ó sì lè ya ẹyọ ataare kan kó hàn kedere. Kó ṣì mú lẹ́ńsì 18-55mm mọ́ ọn fún ọjọ́ tí gbogbo ẹbí bá pé jọ. Ẹni tí owó rẹ̀ bá gùn ju ìyẹn lọ, kó wo Canon R50 pẹ̀lú lẹ́ńsì RF 35mm f/1.8 Macro. Lẹ́ńsì náà kò kọjá 1:2, ṣùgbọ́n f/1.8 rẹ̀ àti bí kámẹ́rà náà ṣe ń wá ojú ènìyàn fúnra rẹ̀ mú kí ó jẹ́ èyí tí mo lè gbé lé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ́wọ́ láìṣe àlàyé púpọ̀. Ẹni tó bá ti ní Canon onídígí nílẹ̀ kò nílò láti pààrọ̀ ohunkóhun. Kó wá Macro tó bá ẹnu rẹ̀ mu.

Àwọn ohun tó dín owó kù náà wà. Òrùka àfikún jẹ́ òrùka tó ṣófo, kò sí dígí kankan nínú rẹ̀, a sì ń fi í sáàárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì. Tí ẹ bá fi èyí tó jẹ́ mílímítà 25 sáàárín Canon àti 50mm f/1.8 rẹ̀, agbára ìsúnmọ́ rẹ̀ á ti orí ìdá kan nínú márùn-ún fò dé nǹkan bí ìdá méje nínú mẹ́wàá. Ẹ ra èyí tó ní ojú iná kéékèèké tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ara kámẹ́rà lọ sí lẹ́ńsì. Èyí tí kò ní in rọjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kò ní lè yí ihò lẹ́ńsì, fókọ́ọ̀sì àdáṣe kò sì ní ṣiṣẹ́. Níwọ̀n ìgbà tí òrùka bá wà níbẹ̀, lẹ́ńsì náà kò ní lè rí ohun tó jìnnà, ẹ sì ní láti máa yọ ọ́ kí ẹ tó ya ọmọ. Dígí ìsúnmọ́ tí a ń dé mọ́ ẹnu lẹ́ńsì, bíi Raynox DCR-250, kò ní wàhálà ojú iná yìí; òun náà kì í jẹ́ kí lẹ́ńsì rí ohun tó jìnnà, ṣùgbọ́n ó ń tètè yọ.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tó bá fẹ́ ra Nikon onídígí: àwọn lẹ́ńsì AF-D tó ti pẹ́ kò ní mọ́tò nínú, ara kámẹ́rà ni wọ́n ń retí pé kó yí wọn. D3500 àti D5600 kò ní mọ́tò yìí, nítorí náà fókọ́ọ̀sì àdáṣe kò ní ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn. D7100 àti D7200 ní in. Tí olùtà bá gbé lẹ́ńsì olówó pọ́ọ́kú wá, ẹ wá AF-S lára rẹ̀.

Bí àwo obì ṣe ń di àwòrán

N ó fi èyí hàn ní kúlẹ̀kúlẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń yà á ló mọ ohun tó yẹ kó rà. Ẹ gbé àwo náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí oòrùn kò ti wọlé tààrà, kí ìmọ́lẹ̀ máa ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ẹ gbé bébà funfun kan dúró sí òdìkejì fèrèsé náà kó lè máa dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú òjìji. Ẹ má tan fíláàṣì orí kámẹ́rà, nítorí pé ní ìsúnmọ́ báyìí lẹ́ńsì fúnra rẹ̀ ló máa dínà ìmọ́lẹ̀ náà, ẹ ó sì rí òjìji dúdú róbótó lórí obì. Ẹ fi ihò lẹ́ńsì sí f/8 tàbí f/11. Ní 1:1, kódà ní f/8, ohun tó máa mọ́ kedere kò nípọn tó mílímítà kan; nítorí náà ẹ yan ibi kan ṣoṣo, bóyá ojú ibi tí àwẹ́ obì àbàtà ti pàdé, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù ṣe bàìbàì. Ẹ má lépa f/22, nítorí pé tí ihò bá ti kéré jù, ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri, gbogbo àwòrán á sì rọ̀. Ẹ gbé kámẹ́rà lé orí ìwé tí ẹ tò jọ, ẹ lo aago ìdúró ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kí ọwọ́ yín má bàa mì í.

Ti àwọn ènìyàn rọrùn ju èyí lọ. Ọmọ tó ń ṣeré ń fẹ́ 1/500 ìṣẹ́jú-àáyá. Ọmọ tó jókòó, 1/125 tó o. Ẹ jẹ́ kí ISO, nọ́ńbà tó ń sọ bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó rí, gòkè dé 3200 nínú ilé. Àwòrán tó ní ọ̀kìrìkìrì díẹ̀ sàn ju èyí tí a kò dá ojú ọmọ mọ̀ lọ. Ohun tó ń pọ́n àwọ̀ ara wa lójú ni pé kámẹ́rà máa ń fẹ́ sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ eérú: tí bàbá bá wọ agbádá funfun, kámẹ́rà á dín ìmọ́lẹ̀ kù nítorí aṣọ náà, ojú bàbá á sì ṣókùnkùn. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi àmì àròpọ̀ àti àyọkúrò sí ló ń tún un ṣe. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kí ẹ sì wo ojú, kì í ṣe aṣọ. Ẹ rí i dájú pé kámẹ́rà tí ẹ fẹ́ rà ní bọ́tìnnì yìí níbi tí àtàǹpàkò yín ti lè dé.

Eruku, ọ̀rinrin, àti rírà

Láti bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, ọyẹ́ máa ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà gba òkè Hausa, tó fi jẹ́ pé ní Kano àti Kaduna ẹ lè fi ìka kọ orúkọ yín sórí ọkọ̀ láàárọ̀. Kámẹ́rà onílẹ́ńsì àpààrọ̀ máa ń ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ nígbàkigbà tí a bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì. Ní àsìkò náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀ tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, kí ẹ sì kọ ẹnu kámẹ́rà sí ilẹ̀. Rọ́bà afẹ́fẹ́ tí a ń fọwọ́ tẹ̀ ni kí ẹ fi fẹ́ eruku kúrò. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á bọ́ sí i. Ìgbà òjò ní ọ̀tá tirẹ̀: ẹbu máa ń hù sínú lẹ́ńsì tó bá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọlọ́rinrin. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi tí a máa ń bá nínú páálí bàtà tuntun.

Níbi ìtajà, ní Banex ní Wuse 2 tàbí ibikíbi, olùtà á ní, “Ọ̀gá, kò ní wàhálà kankan.” Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ ṣí ihò rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn: eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ohun tó bá rí bí okùn aláǹtakùn, ẹbu ni, ẹ dá a padà. Ẹ fi lẹ́ńsì sí f/16, kí ẹ ya ògiri funfun tàbí ojú ọ̀run. Ìdọ̀tí orí sẹ́ńsọ̀ á fara hàn bí àmì dúdú dúdú. Ẹ bèèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà rẹ̀, ìlẹ̀kùn kékeré tó wà níwájú sẹ́ńsọ̀, ti ṣí. Nikon máa ń kọ iye yìí sínú fáìlì àwòrán kọ̀ọ̀kan, ẹ sì lè fi kọ̀ǹpútà wò ó; ọ̀pọ̀ Canon kì í kọ ọ́ síbẹ̀. Ṣọ́tà D3500 ni wọ́n dán wò dé 100,000, nítorí náà èyí tó ti lo 90,000 kò yẹ kó gba owó èyí tó lo 15,000. Ẹ yọ bátìrì, ẹ gbé e lé orí tábìlì: tí kò bá jókòó pẹlẹbẹ, ó ti wú.

Ẹ fi owó sílẹ̀ fún bátìrì kejì, káàdì méjì àti rọ́bà afẹ́fẹ́ náà. Igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lè dúró ná. Tí ẹ bá ti fẹ́ sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lábẹ́ kámẹ́rà àti èyí tó wà lára lẹ́ńsì sórí rìsíìtì, kí ẹ sì bá olùtà ṣe àdéhùn iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà, nítorí pé ilé yín, lálẹ́, pẹ̀lú àwọn ọmọ tó ń sáré, ni ẹ ti máa mọ̀ bóyá ó ṣiṣẹ́.